Ta Ní Ń Sùn Láàfin?

Fídíò kan wà tí gbogbo ìjọ wa ní Houston ti wò. Kò gùn tó ìṣẹ́jú kan. Nínú rẹ̀, ọkọ mi wọ agbádá funfun, ó bọ́ fìlà, ó bọ́ bàtà, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú mi lórí kápẹ́ẹ̀tì pupa, nínú ilé olókùúta ńlá kan báyìí. Èmi jókòó lórí àga gíga, mo fi ọwọ́ bo ẹnu. Ọmọ wa obìnrin ló fi fóònù yà á, òun náà ló wá orin ìfẹ́ tó fi sí i. Lọ́jọ́ Ìsinmi tí wọ́n ń gbàdúrà fún àwọn tọkọtaya, pásítọ̀ gbé e sára ògiri gbàgàdà kí gbogbo ìjọ lè rí i. Ó ní, "Ẹ̀yin ọkọ, ṣé ẹ rí Dádì? At their age! Ẹ lọ ṣe bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́." Àwọn obìnrin pàtẹ́wọ́. Èyí tó jókòó lẹ́yìn mi fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní, "Mọ́mì, irú ọkọ tẹ́ ẹ ní yìí, Ọlọ́run á fi irú ọkàn yẹn sí tiwa náà nínú." Mo ní àmín. Kí ni kí n sọ? Mi ò lè dìde láàárín ìjọ kí n pariwo pé orin tí wọ́n ń gbọ́ yẹn ló bo ohùn ọkùnrin náà mọ́lẹ̀, pé ó ń sọ̀rọ̀, àti pé ohun tó ń sọ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń pàtẹ́wọ́ sí.

Èmi nìkan ni mo gbọ́ ọ, ló jẹ́ kí n kọ ọ́ síbí. Mi ò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó mọ̀ wá ti mọ̀ wá, ẹni tí kò mọ̀ wá kò pàdánù nǹkan kan.

Nígbà tí a kọ́kọ́ dé Houston, akẹ́kọ̀ọ́ ni ọkọ mi, ẹ̀kọ́ ẹnjinníà ló ń kọ́. Apartment oníyàrá kan là ń gbé ní Gulfton, ibẹ̀ ni a sì ti bí ọmọ wa kan ṣoṣo. Aáyán ilé náà kò mọ ọ̀wọ̀. Ọ̀sán gangan ni wọ́n ń jáde, tí wọ́n á máa wo ènìyàn bí ẹni pé àwọn ló ń san owó ilé. Ògiri ìdáná wa ní ibì kan tó ti jẹrà, ọkọ mi sì rí kàlẹ́ńdà kan tí ẹnì kan dànù, ó fi bo ibẹ̀. Àwòrán àwọn ààfin àtijọ́ ilẹ̀ òyìnbó ló wà lára rẹ̀, ọ̀kan fún oṣù kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì kọ ọ́ sábẹ́ wọn pé wọ́n ti di hòtẹ́ẹ̀lì, pé ẹni tó bá fẹ́ lè lọ sùn níbẹ̀. Ọdún kàlẹ́ńdà náà ti kọjá nígbà tó mú un wálé. Ó ní kí ni ọdún máa ṣe fún òun, àwòrán ni òun ń wò.

Oṣù kẹwàá ló máa ń ṣí sílẹ̀, nítorí ó fẹ́ràn ilé tó wà níbẹ̀, èyí tó ní ilé ìṣọ́ mẹ́rin. Nígbà tí mo bá ń fọ abọ́, á wá dúró lẹ́yìn mi, á ní, "Ìwọ obìnrin yìí, wò ó dáadáa. O máa sùn níbẹ̀. Jẹ́ kí n kàn ríṣẹ́ ná, màá gbé ọ lọ sùn láàfin òyìnbó."

Èmi á ní, "Ẹ kọ́kọ́ pa aáyán tó wà lẹ́yìn stove ná."

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí bí a ṣe ń bá ara wa sọ̀rọ̀, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ mi wà. Ó fi ọdún mẹ́sàn-án jù mí. Látìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, "ẹ" ni mò ń pè é, òun sì ń pè mí ní "o". A fẹ́ra, a bímọ, a dàgbà, mi ò yí i padà. Bí mo bá ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ènìyàn, "wọ́n" ni mò ń lò, ṣùgbọ́n mi ò ní ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ìwé yìí, kí ẹ má baà rò pé ọkùnrin mẹ́wàá ni mo fẹ́. Àwọn ọ̀rẹ́ mi tó ti di ará Amẹ́ríkà máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mò ń bá ọkọ mi sọ̀rọ̀ bí ẹni ń bá ọ̀gá iléèwé sọ̀rọ̀. Wọn ò mọ nǹkan kan. "Ẹ" tèmi kì í ṣe ti ìbẹ̀rù. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń fi "ẹ" bú ènìyàn. Bí mo bá ní "Orí yín ò pé," kò dín nínú èébú rárá. "O" tirẹ̀ náà kì í ṣe ti ìwọ̀sí. "Ṣé o ti jẹun?" "Kí ló ń dùn ọ́?" "Má dá wọn lóhùn, wá jókòó." Mi ò mọ̀ bí ọ̀rọ̀ kékeré yẹn ti tóbi tó títí àwọn tó ń pè mí bẹ́ẹ̀ fi ń kú lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá mi lọ, ìyá mi lọ, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin náà lọ. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì, "ẹ" ni wọ́n ń pè mí. Àwọn òbí tó ń gbé ọmọ wá sí daycare mi, tí wọ́n bá jẹ́ Yorùbá, "ẹ" ni. Obìnrin á dàgbà dàgbà, á wá ku ẹnu kan ṣoṣo láyé tó ń pè é ní "o". Ẹnu ọkọ mi ló kù fún mi.

Ilé iṣẹ́ epo kan nítòsí Spring, lẹ́yìn odi Houston, ló ti ṣiṣẹ́ títí tó fi fẹ̀yìntì. Bó ṣe ríṣẹ́ ni a kọ́lé, bí a ṣe kọ́lé ni owó iléèwé ọmọ dé, bẹ́ẹ̀ ni àwọn ará ilé ní Nàìjíríà kò jẹ́ ká sinmi. Ààfin ń dúró. Lọ́dọọdún ló ń sọ pé ó di ọdún tó ń bọ̀. Nígbà tó wá fẹ̀yìntì, tí àyè wá gbà wá, ni orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í tú. Ó wa mọ́tò jáde láàárọ̀ ọjọ́ kan pé òun ń lọ ra iṣu. Ó di ọ̀sán, n kò rí i. Ẹ̀ṣọ́ ẹnu ọ̀nà ibi iṣẹ́ rẹ̀ àtijọ́ ló pè mí. Ó ní ọkọ mi jókòó sínú mọ́tò ní ibi ìgbọ́kọ̀sí wọn, pé ó ń bi ènìyàn ìgbà tí ìpàdé máa bẹ̀rẹ̀. Ìgbà ò lọ bí òréré lóòótọ́.

A lọ rí dókítà. Wọ́n ní kó ya aago, kó ka nọ́ńbà láti ẹ̀yìn wá síwájú, kó sọ ọdún tí a wà. Ó gba òmíràn, ó ṣi òmíràn. Dókítà wá nawọ́ sí mi, ó ní, "And who is this?" Ó ní, "My wife." Dókítà kọ ọ́ sílẹ̀, ó rẹ́rìn-ín sí mi bí ẹni tó fún mi lẹ́bùn.

Dókítà ní òṣùwọ̀n tirẹ̀, èmi náà ní tèmi tí mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo sọ fún ara mi pé níwọ̀n ìgbà tó bá ṣì ń pè mí ní "o", ó mọ̀ mí. Èdè òyìnbó kò lè sọ èyí fún yín. Nínú èdè òyìnbó, "you" ni ọba, "you" ni ajá. Kí wọ́n máa bá ọdún àti aago kiri. Ọ̀rọ̀ kan yẹn ni mò ń ṣọ́, láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, bí ẹni ń ṣọ́ ìkòkò wàrà lórí iná.

Ó bẹ̀rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kan tí mo gbé ògì fún un. Ó gba abọ́ náà tọwọ́tọwọ́, ó ní, "Ẹ ṣé, mà." Mo rẹ́rìn-ín. Ó máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀ nígbà tí mo bá ń bínú, á ní, "Màmá, ẹ dákun, ẹ má nà mí," a ó sì jọ rẹ́rìn-ín. Mo wo ojú rẹ̀ kí n rí ẹ̀rín náà, n kò rí i. Ògì rẹ̀ ló ń wò. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Nígbà tó di ọ̀sán, ó yọjú sí mi ní ìdáná, ó ní, "O ò tíì jẹun látàárọ̀?" Mo wọ ilé ìwẹ̀ lọ, mo tan omi sílẹ̀ kó má gbọ́ mi, mo sunkún ayọ̀ bí ọmọdé.

Ọmọ wa, tó ń ṣe dókítà, tó sì ń gbé ní League City, ló dá ọ̀rọ̀ ààfin padà. Ó mọ àìsàn baba rẹ̀ nínú ìwé jù mí lọ. Yorùbá ni kò gbọ́ dáadáa. Ó gbọ́ "wá jẹun", ó gbọ́ "ṣé orí ẹ pé?", ó mọ ìkíni, ó tán. Ó ní, "Mummy, forty years of marriage. Daddy has been talking about that castle since I was a baby. Ẹ jẹ́ ká lọ now, while he can still enjoy it. I've booked three nights. Ẹ má sọ pé rárá, please."

Mi ò sọ pé rárá. Mi ò fẹ́ parọ́ fún yín: mo rò pé á wò ó sàn. Mo rò pé ìlérí yẹn ni okùn tó kù tó so ó mọ́ mi, pé tí a bá fà á díẹ̀, á rántí ọ̀nà. Ènìyàn tí ọ̀rọ̀ bá ti dójú rẹ̀ máa ń gba ohunkóhun gbọ́. Nígbà tí mò ń ká aṣọ sínú àpótí, ó bi mí pé níbo là ń lọ. Mo ní, "Ààfin ni. Ààfin òyìnbó tẹ́ ẹ ṣèlérí." Mo lè sọ pé hòtẹ́ẹ̀lì ni. Mo lè sọ pé ilé ńlá àtijọ́ kan ni. Ààfin ni mo sọ, torí òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ pè é bẹ́ẹ̀, mi ò sì rò ó jinlẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Scotland ni ilé náà wà. Oṣù kẹfà la lọ, a fi Houston sílẹ̀ níbi tí oòrùn ti ń dín ènìyàn bí àkàrà, a bá òtútù níbẹ̀, pẹ̀lú òjò wínníwínní tí kò mọ̀ bóyá òun fẹ́ rọ̀ tàbí òun fẹ́ dá. Ọkùnrin onírùngbọ̀n pupa kan tó wọ síkẹ́ẹ̀tì ló wá gbé àpótí wa. Òkúta ni gbogbo ilé náà láti ìsàlẹ̀ dókè. Àtẹ̀gùn rẹ̀ ń yí po bíi ti inú ìkarahun ìgbín, kò sì sí ẹ̀rọ agbéniròkè kankan. Orí ẹranko, idà àti àwòrán àwọn àgbààgbà tí inú wọn kò dùn ló wà lára ògiri. Ibùsùn wa ní aṣọ títa yíká, omi ìwẹ̀ wa sì pọ́n bíi tíì. Wọ́n ní bí omi ilẹ̀ náà ṣe rí nìyẹn, pé kò léwu. Mo ní nínú ara mi pé omi Gulfton gan-an mọ́ ju èyí lọ.

Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ sọ ti ọjọ́ àkọ́kọ́, kí n má baà ya aláìmoore. Nígbà tí a bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò, ọkọ mi gbójú sókè, ó wo ilé ìṣọ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ó sì bú sẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí mi nínú òjò. "Mo ní mo máa gbé ọ wá, àbí mi ò sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ẹ sọ bẹ́ẹ̀."

"Nínú kàlẹ́ńdà yẹn. Ní Gulfton." Ó wò mí láti òkè délẹ̀, ojú rẹ̀ mọ́ kedere. "Aáyán yẹn ńkọ́? Ṣé o ti pa á?"

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi di ọwọ́ mọ́tò mú. Onírùngbọ̀n pupa ń ṣàlàyé fún wa pé iná ti jó apá kan ilé náà rí, pé wọ́n tún un kọ́ dára ju ti tẹ́lẹ̀. Mo ní, "Ilé ọba tó jó," ọkọ mi sì gbà á lẹ́nu mi wàrà, "ẹwà ló bù sí i!" Mo sáré lọ bá ọmọ mi, mo ní baba rẹ̀ ti padà dé. Ó dì mọ́ mi. Àwa méjèèjì dúró sínú òjò, à ń sunkún bí òmùgọ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, kò fẹ́ jẹun. Ó bi mí pé ìgbà wo la máa lọ kí Kábíyèsí. Mo ní kò sí Kábíyèsí níbí, hòtẹ́ẹ̀lì ni. Ó wò mí bí aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ó ní ta ni kì í kí onílé kó tó jẹun rẹ̀? Ó bọ́ bàtà, torí ẹnikẹ́ni kì í wọ bàtà wọ iwájú ọba, ó sì ń fẹsẹ̀ lásán rìn lórí òkúta tútù yẹn. Ó sọ̀kalẹ̀ lọ bá onírùngbọ̀n pupa, ó fi èdè òyìnbó tó fi ń darí ìpàdé nígbà ayé iṣẹ́ rẹ̀ bi í pé, "When may we see His Majesty?" Ọkùnrin náà rò pé àwàdà ni. Òun náà fi àwàdà dáhùn, ó tẹríba díẹ̀, ó ní, "Gone hunting, sir. Back by teatime."

Bí ọkọ mi ṣe lọ wọ agbádá nìyẹn. Ó mú fìlà lọ́wọ́, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́bàá ilẹ̀kùn ńlá, ó ń retí ọba tó lọ ṣọdẹ. Mo bẹ̀ ẹ́, kò dìde. Ọmọ mi bẹ̀ ẹ́, kò dìde. Àwọn àlejò ń kọjá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́ sí agbádá rẹ̀. Nígbà tí tíì dé tí ọba kò dé, mo lọ bá onírùngbọ̀n pupa, mo sì fi ọ̀rọ̀ gún un bí ẹni fi abẹ́rẹ́ gún aṣọ. Ojú rẹ̀ pọ́n ju irùngbọ̀n rẹ̀ lọ. Ó bẹ̀ mí, òótọ́ ló sì bẹ̀ mí, baba tirẹ̀ náà ní irú àìsàn yìí. Kò sí ohun tí mo fẹ́ fi ìyẹn ṣe.

Nígbà tí a gòkè padà sí yàrá, ọkọ mi jókòó sétí ibùsùn. Ìtìjú ló wà lójú rẹ̀. Ó ní, "Ta ní ń sùn láàfin? Olorì ń sùn níbẹ̀. Ìránṣẹ́ ọba ń sùn níbẹ̀. Ẹni tó kù ni ẹni tí ọba dá dúró. Èmi kì í ṣe ìránṣẹ́ ẹnikẹ́ni. Kí ni mo ṣe tí wọ́n fi dá mi dúró?"

Mo ní, "Ẹ gbọ́ mi. Hòtẹ́ẹ̀lì ni. A máa lọ sílé ní ọ̀tunla."

Ó ní, "O fẹ́ tàn mí ni."

Ó ń fi ẹ̀sùn kàn mí, inú mi sì dùn, nítorí "o" wà níbẹ̀. Ẹ wo irú ayé tí mo ń jẹ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, ọmọ wa ní ká múra fún oúnjẹ àjọ̀dún ìgbéyàwó wa. Oòrùn ibẹ̀ kì í tètè wọ̀, ilẹ̀ mọ́ rekete. Mo wọ sányán, mo wé gèlè, mo fi iyùn ìyá mi sọ́rùn. Ọmọ mi ní kí n jókòó sórí àga gíga tó wà lẹ́bàá ibi tí wọ́n ń dá iná yíyá sí nínú gbọ̀ngàn kí òun lè yà mí. Ọkọ mi ń sọ̀kalẹ̀ bọ̀ lórí àtẹ̀gùn, onírùngbọ̀n pupa dì í lọ́wọ́ mú. Ó rí mi, ó dúró. Ó rí iyùn, ó rí àga, ó rí iná tó ń jó lẹ́yìn mi. Ó yọ ọwọ́ rẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ọkùnrin náà, ó bọ́ fìlà, ó bọ́ bàtà tí mo ti fi ẹ̀bẹ̀ wọ̀ fún un, ó sì na gbogbo gíga rẹ̀ sílẹ̀ níwájú mi.

Ohun tó sọ rèé, tí orin bò mọ́lẹ̀:

"Kẹ́ ẹ pẹ́ o, Olorì. Ẹ dákun, ẹ ṣàánú mi. Mi ò mọ ẹ̀ṣẹ̀ tí mo ṣẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta rèé tí mo ti ń retí Kábíyèsí. Ẹ bá mi bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí n máa lọ sílé. Ìyàwó mi wà ní Houston, kò mọ ibi tí mo wà. Obìnrin náà máa ń ṣàníyàn. Kò ní jẹun tí mi ò bá dé."

Ìgbà yẹn ni ẹ rí mi tí mo fi ọwọ́ bo ẹnu. Ibẹ̀ ni fídíò parí sí, ibẹ̀ kọ́ ni ọ̀rọ̀ parí sí. Mo sọ̀kalẹ̀ lórí àga, mo kúnlẹ̀, mo tẹ orí mi ba kó lè rẹlẹ̀ ju tirẹ̀ lọ. Mo ní, "Èmi nìyí. Ẹ wò mí. Ẹ wo ojú mi." Ó wò mí, ẹ̀rù sì bà á. Ó ní, "Ẹ dìde, Olorì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kúnlẹ̀ fún mi. Tí wọ́n bá rí wa, wọ́n á pa mí." Bí mo ṣe ń kúnlẹ̀ ni ìbẹ̀rù rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Kí ni kí n ṣe? Mo dìde, mo padà jókòó, mo sọ̀rọ̀ bí olorì. Mo ní, "Kábíyèsí ti gbọ́. Wọ́n ní kí ẹ máa lọ sílé lọ́la." Ó forí kan ilẹ̀. "Adé á pẹ́ lórí, bàtà á pẹ́ lẹ́sẹ̀," ó ń sọ bẹ́ẹ̀ léraléra títí onírùngbọ̀n pupa fi bá wa gbé e dìde.

Omi ti kún ojú ọmọ mi. "Oh my God, Mummy. Daddy dọ̀bálẹ̀ for you! And he was saying 'ẹ', I heard him. 'Ẹ, ẹ, ẹ.' He's never said 'ẹ' to you in my whole life. That's so much respect."

Èmi ni mo kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó wà ní kékeré, mo máa ń gbá a lọ́wọ́ pé, "'Ẹ' ni wọ́n ń pe àgbà! 'Ẹ'! Ṣé ẹgbẹ́ ẹ ni mí?" Kò sí ìgbà kan tí mo jókòó sọ fún un pé "ẹ" náà ni wọ́n ń pe àjèjì. Mo wo ojú rẹ̀, inú rẹ̀ dùn ju bí mo ti rí i lọ́dún púpọ̀ sẹ́yìn. Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Ọ̀wọ̀ ni." Mi ò tíì sọ òótọ́ fún un títí di òní.

Mo ṣì ń tan ara mi jẹ pé tó bá ti wọlé wa ní Spring, tó rí àga rẹ̀ àti igi ọsàn tó wà lẹ́yìnkùlé, "o" á padà. Bí a ṣe wọlé ni ó ń yọjú sí yàrá kọ̀ọ̀kan, ó ń ṣí ilẹ̀kùn, ó ń pa á dé. Ó padà wá bá mi nínú pálọ̀. Ó ní, "Kò sí nílé, mà. Bóyá ó wà ní daycare. Iṣẹ́ ni obìnrin yẹn fẹ́ràn." Láti ọjọ́ náà, "ẹ" ni. "Ẹ kú iṣẹ́ o, mà." "Ẹ má ṣe ìyọnu lórí mi." Ọmọlúàbí ni títí dórí ìkà. Kì í wọ yàrá wa mọ́. Ó ní kò yẹ kí òun sùn sí yàrá tí obìnrin mìíràn wà, pé òun ní ìyàwó. Orí àga gbọọrọ inú pálọ̀ ló ń sùn. Ọkọ mi ń ṣe olóòótọ́ sí mi, ìṣòótọ́ rẹ̀ náà ló sì lé mi kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

Mo ti gbìyànjú. Mo sọ fún un lọ́jọ́ kan pé aáyán wà lẹ́yìn stove. Ó dìde, ó bọ́ sálúbàtà sọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀, ó wò ó dáadáa. Ó ní, "Ẹ má bẹ̀rù, mà. Mi ò rí nǹkan kan." Ó padà lọ jókòó. Mo dúró nínú ìdáná títí ìrẹsì mi fi jóná.

Dókítà ṣì ń bi í léèrè pé ta ni mí. Nígbà mìíràn ó ń ṣèèṣì sọ pé, "My wife," torí ó gbọ́ tí wọ́n ń pè mí bẹ́ẹ̀. Dókítà á kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó ṣì dára. Ọmọ mi á gbá mi mọ́ra. Ṣọ́ọ̀ṣì á ní kí n wá bá àwọn ìyàwó tuntun sọ̀rọ̀ lórí bí wọ́n ṣe ń tọ́jú ọkọ tí á fi máa dọ̀bálẹ̀ fún wọn. Ọjọ́ tí wọ́n bá tún pè mí, mo máa bú wọn.

Ní ọ̀sán àná, ó dúró sójú fèrèsé níbi tó máa ń dúró sí tó bá ti ń tó aago mẹ́rin, ó ń wo ọ̀nà. Mo gbé ìjókòó wá fún un. Ó ní, "Ẹ ṣé, mà." Lẹ́yìn náà ó ní, "Ṣé ẹ mọ ìyàwó mi?"

Mo ní, "Mo mọ̀ ọ́n, sà."

"Ẹnu rẹ̀ mú o." Ó rẹ́rìn-ín, irú ẹ̀rín tí mo ti ń wá lójú rẹ̀ látọjọ́ ògì. "Ṣùgbọ́n ènìyàn dáadáa ni. Ó ti bá mi jìyà púpọ̀. Ohun kan ṣoṣo ni mo ṣèlérí fún un, pé màá gbé e lọ sùn láàfin òyìnbó, mi ò sì tíì ṣe é." Ó yíjú padà sí ọ̀nà. "Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ bá mi sọ fún un pé mi ò gbàgbé."

Mo ní màá sọ fún un.